Eré Ìfẹ́ Tí Ó Di Ẹ̀rín: Ìtàn Tommy Wiseau àti Sinimá Rẹ̀

Àwọn àgbà ní ọ̀ràn tí ó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín ni a ń fi í rín. Nígbà tí wọ́n ń pa òwe yìí, wọn kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkùnrin kan yóò kó mílíọ̀nù 6 dọ́là jáde, tí yóò fi ṣe eré ìfẹ́ tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé sunkún sí, tí gbogbo ayé yóò sì di ikùn mú nítorí ẹ̀rín. Orúkọ ọkùnrin náà ni Tommy Wiseau. Orúkọ tí ó sọ sinimá rẹ̀ ni The Room, èyí tí í ṣe Iyàrá ní èdè tiwa.

Ọjọ́ 27 oṣù Kẹfà ọdún 2003 ni wọ́n kọ́kọ́ fi í han gbogbo ènìyàn, ní ilé sinimá méjì péré ní Los Angeles, ìlú tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ṣe orírun sinimá. Ọjọ́ kan náà gan-an ni eré ńlá kan tí à ń pè ní Charlie's Angels: Full Throttle jáde káàkiri ilẹ̀ náà, èyí tí àwọn tí ó ṣe é ná ju mílíọ̀nù 100 dọ́là lọ lé lórí. Ẹ fi èyí mọ̀ pé lójú àwọn ará Hollywood, mílíọ̀nù 6 kò ju owó ọbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ilé iṣẹ́ ńlá ná owó àwọn onípìn-ín rẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni kí ẹnì kan ṣoṣo ki ọwọ́ bọ àpò ara rẹ̀. Wiseau ni ó kọ eré yìí, òun ni ó darí rẹ̀, òun ni ó wá owó rẹ̀, òun náà ni ó sì ṣe olórí eré nínú rẹ̀. Bí ó bá dára, tirẹ̀ ni ìyìn. Bí ó bá bàjẹ́, kò sí ẹni tí yóò bá a pín nínú ìtìjú náà.

Ta wá ni ọkùnrin yìí? Ìbéèrè náà kò rọrùn. Irun rẹ̀ dúdú, ó gùn dé èjìká. Ohùn rẹ̀ wúwo, ó sì dàbí ti ẹni tí a bí ní ìhà ìlà-oòrùn Yúróòpù. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọdún púpọ̀ ohun tí ó ń wí ni pé ọmọ New Orleans ni òun, kí ó tó wá gbà nígbẹ̀yìn pé Yúróòpù ni òun ti wá. Ní ti ọjọ́ orí rẹ̀, kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè. Ní ti ibi tí owó ti wá, ó wí fún àwọn oníwèé ìròyìn pé kóòtù awọ ni òun ń kó wọlé láti Kòríà. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn mìíràn mi orí. Èmi kò ní ti ẹnu mi bọ̀ ọ́.

Ẹni tí ó sún mọ́ ọn jù lọ ni Greg Sestero, ọ̀dọ́mọkùnrin arẹwà kan tí ó pàdé rẹ̀ ní ọdún 1998 níbi tí àwọn méjèèjì ti ń kọ́ eré ṣíṣe ní San Francisco. Sestero ń bẹ̀rù ojú ènìyàn nígbà náà. Bí ó bá dé orí pèpéle, ara rẹ̀ a le gbagidi. Ní ọjọ́ kan ó rí ọkùnrin onírun gígùn yìí tí ó bọ́ síwájú, tí ó ń ké, tí ó ń yí ara mọ́lẹ̀, tí ó sì ń ba eré tí ó ń ṣe jẹ́ pátápátá, ṣùgbọ́n tí ojú kò tì í rárá. Gbogbo ìyókù ń wò ó bí ẹni tí ó ya wèrè. Sestero ní tirẹ̀ rò ó pé, bí òun bá lè ní ìdajì ìgboyà yìí, òun yóò di aṣeré. Báyìí ni wọ́n ṣe di ọ̀rẹ́. Òun ni ó wá kọ gbogbo ìtàn náà sílẹ̀ nínú ìwé tí òun àti Tom Bissell jọ gbé jáde ní ọdún 2013, tí wọ́n sọ ní The Disaster Artist, inú rẹ̀ ni a sì ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn aṣọ ìkélé.

Àwọn méjèèjì ṣí lọ sí Los Angeles láti wá iṣẹ́ sinimá. Ọ̀nà díẹ̀ là fún Sestero. Ní ti Wiseau, kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn. Ta ni yóò gba ọkùnrin tí ó ti dàgbà, tí ohùn rẹ̀ lọ́, tí kò sì rántí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ó sọ? Ní ìgbà kan àwọn ọ̀rẹ́ méjì yìí jọ lọ wo sinimá tí à ń pè ní The Talented Mr. Ripley, tí ó jáde ní ọdún 1999, ìtàn ọ̀rẹ́ tí ó di ọ̀tá. Eré náà wọ Wiseau lára dé egungun. Ó pinnu pé bí wọn kò bá fún òun ní eré ṣe, òun yóò ṣe tòun. Ó kọ́kọ́ kọ ọ́ bí eré orí ìtàgé. Ó tún sọ ọ́ di ìwé tí ó ju ojú ewé 500 lọ, kò sí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Nígbẹ̀yìn ó sọ ọ́ di sinimá. Nígbà tí ó ń wá orúkọ fún ọ̀rẹ́ ọ̀dàlẹ̀ inú rẹ̀, orúkọ Matt Damon, aṣeré inú Ripley, ni ó wá sí i lọ́kàn, ṣùgbọ́n ó ṣì í gbọ́, ó sì kọ Mark sílẹ̀.

Ọdún 2002 ni wọ́n ya eré náà, ó sì gbà wọ́n ju oṣù mẹ́rin lọ. Ibí yìí ni ó yẹ kí a dúró díẹ̀, nítorí pé ẹni tí ó bá wo sinimá náà yóò máa bèèrè pé níbo ni mílíọ̀nù 6 wọlé sí. Àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ yìí a máa yá ẹ̀rọ ayàwòrán lò. Wiseau ní rárá, ó ra tirẹ̀. Ẹ̀rọ méjì ni ó sì rà, ọ̀kan tí ń lo fíìmù bí ti àtijọ́, èkejì ti ìgbàlódé tí kò lo fíìmù rárá. Ó ní kí wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀ sórí ẹsẹ̀ kan, kí wọ́n máa ya gbogbo ìran lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé òun fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí náà ó di dandan kí a gba òṣìṣẹ́ ọ̀tọ̀ fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Ìran kan wà tí ó yẹ kí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà tóóró àárín ilé; irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà ní ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n Wiseau ní kí wọ́n kan tuntun sínú ilé, kí ó jọ ọ́. Orí òrùlé tí àwọn ọ̀rẹ́ ti ń pàdé nínú eré kì í ṣe orí òrùlé. Ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n ti kàn án, wọ́n ta aṣọ aláwọ̀ ewé sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rọ kó ìlú San Francisco sí ojú aṣọ náà lẹ́yìn iṣẹ́. Lórí òrùlé irọ́ yìí ni Wiseau ti ní láti jáde láti ẹnu ọ̀nà kan, kí ó sọ gbólóhùn díẹ̀ pé òun kò lu ìyàwó òun, kí ó sì kí Mark. Ìṣẹ́jú kan kò pé nínú rẹ̀. Bí Sestero ti ròyìn rẹ̀, ìgbà 32 ni wọ́n yà á kí ó tó bọ́ sí i lẹ́nu. Àwọn òṣìṣẹ́ ń bínú lọ, ó sì ń gba òmíràn.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a rò ó bí eré náà ti lọ. Johnny, òṣìṣẹ́ báńkì ní San Francisco, ni Wiseau fúnra rẹ̀ ṣe. Òun àti Lisa, afẹ́sọ́nà rẹ̀, jọ ń gbé ilé kan, ìgbéyàwó wọn sì kù sí dẹ̀dẹ̀. Johnny kò mọ ìkà. Òdòdó ni ó ń rà bọ̀ wálé. Aṣọ pupa ni ó ń rà fún ìyàwó. Òun ni ó ń gbọ́ bùkátà Denny, ọmọ aláìlóbìí tí ń gbé nítòsí wọn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé ni yóò wí fún wa pé ènìyàn rere ni Johnny. Lójijì Lisa ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, ó ti sú òun, ó sì fa ojú Mark, ọ̀rẹ́ tí Johnny fẹ́ràn jù lọ, mọ́ra. Sestero ni ó ṣe Mark. Claudette, ìyá Lisa, ń bẹ ọmọ rẹ̀ pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọwọ́ Johnny tó ẹnu. Johnny fura, ó fi ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ há abẹ́ tẹlifóònù. Ní ọjọ́ àjọ̀dún ìbí rẹ̀, tí ilé kún fún àlejò, àṣírí tú. Ó fọ́ gbogbo ohun tí ń bẹ nínú ilé, ó sì fi ìbọn gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Lójú ẹni tí ó bá gbọ́ ọ báyìí, ìtàn náà kò burú. Kí ọ̀rẹ́ gba aya ọ̀rẹ́ kì í ṣe ohun tuntun lábẹ́ ọ̀run, eré ńláńlá sì ti ti inú rẹ̀ jáde. Ohun tí ó pa á ni pé kò sí ìdí fún ohunkóhun nínú rẹ̀. Kí ni Johnny fi ṣẹ Lisa? Kò sí. Kí ni Lisa rí lára Mark ju ẹwà ojú lọ? A kò gbọ́. Mark fúnra rẹ̀ a máa bèèrè ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀, bí ẹni pé kì í ṣe òun ni a fẹ́ tàn jẹ, ní ẹ̀ẹ̀kejì àti ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tí ọmọ ọwọ́ pàápàá ti mọ̀. Òǹkọ̀wé fi Johnny ṣe ẹni mímọ́, ó sì fi Lisa ṣe ọ̀dàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin; bẹ́ẹ̀ a kì í sunkún nítorí ẹni mímọ́ tí kò ṣẹ̀ rí, ẹni tí ó jọ wá ni a ń sunkún fún. Àwọn olólùfẹ́ méjì náà kò sì bá ara wọn sọ ọ̀rọ̀ kan tí ó jinlẹ̀ ju ìkíni lọ. Kàkà bẹ́ẹ̀, ìran orí ibùsùn ni wọ́n fi dípò ọ̀rọ̀. N kò ní ròyìn wọn nínú ìwé tí ọmọdé lè mú kà. Kí n sáà wí pé wọ́n gùn, wọ́n ń fi orin tì wọ́n lẹ́yìn, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ pé àwòrán ti ìṣáájú ni wọ́n tún gé lò.

Bí a bá ní kí a ka àwọn àléébù kéékèèké, ilẹ̀ yóò ṣú. Ìyá Lisa wọlé ní ọjọ́ kan, ó ní àyẹ̀wò ti dé, àrùn jẹjẹrẹ ọyàn ni ó ń ṣe òun. Ó sọ ọ́ bí ẹni tí ń sọ pé òjò fẹ́ rọ̀. Lisa ní kò burú, yóò sàn. A kò tún gbọ́ nípa àrùn náà mọ́ títí eré fi parí. Ẹnì kan tí ń ta oògùn olóró yọ ìbọn sí Denny lórí òrùlé nítorí gbèsè. Wọ́n mú un lọ, ó parí, kò sí ẹni tí ó tún dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin wọ kóòtù dúdú ti ọjọ́ ìnáwó, wọ́n jáde lọ ń ju bọ́ọ̀lù síra wọn ní ibi tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lè na ọwọ́ kan ara wọn. A ń retí kí a mọ ìdí aṣọ náà, a ń retí títí di òní. Aṣeré tí ń ṣe Peter, ọ̀rẹ́ Johnny, ní láti lọ kí iṣẹ́ tó parí. Ohun tí Wiseau ṣe ni pé ó kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ọkùnrin mìíràn tí a kò rí rí, ẹni yẹn sì dúró láàárín àwọn àlejò, ó ń bá Lisa wí bí ẹni tí wọ́n jọ dàgbà. Àwòrán kan sì wà lórí tábìlì nínú férémù rẹ̀: àwòrán ṣíbí. Wọ́n ra férémù náà lọ́jà pẹ̀lú àwòrán tí oníṣòwò fi ń pọ́n ọjà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ rántí ṣíbí yìí.

Nígbà tí ọjọ́ ìfihàn pé, Wiseau gun ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ gígùn wá. Òǹwòran ń jáde kí ìdajì eré tó lọ, wọ́n ń bèèrè owó wọn padà. Òǹkọ̀wé kan nínú Variety, ìwé ìròyìn àwọn oníṣẹ́ sinimá, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan nínú ilé sinimá méjèèjì fi àkọlé sí ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì pé a kì í dá owó padà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni Wiseau fi owó ara rẹ̀ mú un dúró, nítorí ó fẹ́ kí ó tó èyí tí a lè gbé yẹ̀ wò fún ẹ̀bùn Oscar. Iye tí ó wọlé ní ọ̀sẹ̀ méjì náà jẹ́ 1,800 dọ́là. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé nínú ohun tí ó lé ní 3,300 dọ́là tí ó jáde, dọ́là kan ṣoṣo ni ó padà wálé.

Ẹlòmíràn ìbá ká ẹní rẹ̀. Ṣùgbọ́n Wiseau ti gbé pátákó ìpolówó ńlá kan sí òpópónà Highland, pẹ̀lú ojú ara rẹ̀ tí ó ranjú mọ́ àwọn tí ń kọjá àti nọ́ńbà tẹlifóònù tí ènìyàn lè pè. A gbọ́ pé 5,000 dọ́là ni ó ń san lórí rẹ̀ lóṣù. Owó oṣù kan lórí pátákó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta gbogbo owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ọdún 5 ni pátákó náà fi wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí bèèrè pé irú eré wo ni èyí tí kò sí ní ilé sinimá kankan tí a kò sì yé polówó rẹ̀.

Ní ọjọ́ mélòó kan kí ọ̀sẹ̀ méjì náà tó pé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Michael Rousselet, wọlé wò ó, òun nìkan ni ó sì wà nínú ilé. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ó pe àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí tẹlifóònù, àwọn náà pe tiwọn, nígbà tí yóò fi di ìfihàn ìkẹyìn, ó ti ju 100 ènìyàn lọ tí wọ́n jókòó níbẹ̀. Wọ́n kọ̀wé sí Wiseau láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba ilé sinimá kan fún òru ọjọ́ kan ní oṣù Kẹfà ọdún 2004, ilé kún, ó sì di ohun tí wọ́n ń ṣe lóṣooṣù. Láti ibẹ̀ ó tàn dé New York, ó kọjá òkun dé London. Bí àwòrán ṣíbí bá ti yọ, gbogbo ilé a pariwo, wọn a sì máa ju ṣíbí oníke lu aṣọ sinimá, títí ilẹ̀ yóò fi funfun. (Àwọn tí ń gbá ilẹ̀ nìkan ni a kò bèèrè bí wọ́n ti rí i sí.) Àwọn kan a wọ kóòtù dúdú wá, wọn a máa ju bọ́ọ̀lù láàárín àga. Bí ìyá Lisa bá dárúkọ àrùn rẹ̀, wọn a hó gèè.

Wiseau a máa wá síbẹ̀ fúnra rẹ̀. A máa dúró níwájú wọn, a máa dá wọn lóhùn, a máa ta ẹ̀wù tí orúkọ eré náà wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí wí pé eré ẹ̀fẹ̀ ni òun ti fẹ́ ṣe tẹ́lẹ̀, pé kí wọ́n rín, kí wọ́n sunkún, kí wọ́n ṣe bí ó ti wù wọ́n, kìkì kí wọ́n má ṣe pa ara wọn lára. Èmi kò gbà pé eré ẹ̀fẹ̀ ni. Nínú ìpolówó rẹ̀ àkọ́kọ́, eré Tennessee Williams, ọ̀gá nínú àwọn tí ń kọ eré ìbànújẹ́ ní Amẹ́ríkà, ni ó fi tirẹ̀ wé. Àwọn tí wọ́n bá a ṣe é sì ti wí pé kò sí ẹ̀fẹ̀ kankan lọ́kàn rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ń yà á. Ọkùnrin náà rí i pé ohun tí òun gbé wá sí ọjà bí omijé, ẹ̀rín ni àwọn oníbàárà fẹ́ rà á sí. Ó yí orúkọ ọjà padà, ó sì gba owó wọn. Bóyá ìtìjú ni ó fi ọgbọ́n bò, bóyá ọgbọ́n náà ni ó ti di ayọ̀ fún un, ó kù sí ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn aṣeré rẹ̀ kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tí orúkọ wọn kò tí ì jáde, tí wọ́n rò pé sinimá kékeré tí ẹnikẹ́ni kò ní í rí ni. Juliette Danielle, ẹni tí ó ṣe Lisa, ni ẹ̀gàn náà le mọ́ jù lọ. Kì í ṣe òun ni ó kọ ọ̀rọ̀ tí ó ń sọ, kì í ṣe òun ni ó yan aṣọ tàbí ìran orí ibùsùn, síbẹ̀ ara rẹ̀ ni àwọn aláwàdà òru ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó tó ẹni tí a ń káàánú.

Èmi tí mo kọ ìwé yìí rín títí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tí mo kọ́kọ́ wò ó. Nígbà kejì, ẹ̀rín náà kò dé bẹ́ẹ̀ mọ́ nígbà tí a dé ìran àjọ̀dún. Ọkùnrin kan dúró ní àárín ilé rẹ̀, gbogbo ènìyàn wá bá a ṣe ọjọ́ ìbí, kò sì sí ẹnì kan tí ó fẹ́ràn rẹ̀ níbẹ̀. Ó ń yí tẹlifíṣọ̀n dànù láti ojú fèrèsé, ó ń fa àpótí aṣọ ya, kò mọ̀ ọ́n ṣe, ọwọ́ rẹ̀ kò yá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbọ́ràn. Ṣùgbọ́n ó hàn pé ohun kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe eré, tí kò rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi jáde.

Ìwé Sestero di sinimá ní ọdún 2017. James Franco ni ó darí rẹ̀, òun ni ó sì ṣe Wiseau nínú rẹ̀. Mílíọ̀nù bí 10 dọ́là ni wọ́n ná, ó pa owó tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, àwọn tí ó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí a dárúkọ fún Oscar ní ọdún 2018, ẹ̀bùn kan náà tí Wiseau tìtorí rẹ̀ san owó ọ̀sẹ̀ méjì ní ọdún 2003. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2018, wọ́n fún Franco ní ẹ̀bùn Golden Globe nítorí pé ó ṣe Wiseau dáadáa. Ó pe Wiseau sókè. Ọkùnrin onírun gígùn náà dìde, ó wọ díńgí dúdú sójú, ó gun pèpéle níwájú gbogbo àwọn àgbà Hollywood tí kò dá a lóhùn rí, ó sì mú ọ̀nà ẹ̀rọ agbóhùnsókè pọ̀n. Franco na ọwọ́, ó dá a dúró, ó ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wiseau padà sẹ́yìn, ó dúró.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ní ọjọ́ 10 oṣù náà, wọ́n fi The Room hàn ní nǹkan bí 600 ilé sinimá ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo.